Ẹmu tó ń kan dànù: Ọgbọ́n tí ará Faransé fi sọ ọtí di dúkìá, àti ohun tí ẹlẹ́mu Ṣàrẹ́ lè rí kọ́ níbẹ̀

Bí ẹmu bá dé láti oko láàárọ̀, inú ẹlẹ́mu máa ń dùn. Funfun báláú ni, ó ń hó, ó sì dùn lẹ́nu. Àwọn oníbàárà á ti jókòó dè é. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kan àtàrí, tí ọjà kò sì yá, ìrònú á bẹ̀rẹ̀. Ẹmu tí wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ á ti le lọ́sàn-án, nígbà tí yóò bá sì fi di ọjọ́ kejì, ó ti kan nìyẹn. Ẹni tó rà á láwìn lọ́wọ́ adẹ́mu á dà á nù, gbèsè ọrùn rẹ̀ kò sì ní bá ẹmu náà dà nù.

Bí ọ̀rọ̀ òwò náà ṣe rí nìyí láti Ṣàrẹ́, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, títí dé Ọmù-Àrán, Èsìẹ́ àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ọ̀pẹ bá ti ń hù. Bẹ́ẹ̀, lórílẹ̀-èdè Faransé, àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n ń fún omi lára èso àjàrà, tí wọ́n ń jẹ́ kó di ọtí, tí ìgò kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sì lè wà nílẹ̀ fún àádọ́ta ọdún kí owó rẹ̀ máa gorí owó. Omi ara igi ni tiwa, omi èso ni tiwọn. Kòkòrò àìfojúrí kan náà ló ń sọ méjèèjì di ọtí. Kí ló wá dé tí tiwa fi ń dà nù lọ́jọ́ kejì, tí tiwọn ń di dúkìá?

Apá kan lára ìdáhùn náà wà nínú ọtí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù wà nínú ọgbọ́n òwò, èyí tí kò sí ẹni tí kò lè kọ́ ọ.

ÌṢIRÒ TÓ Ń DUN ẸLẸ́MU

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí owó ṣe ń bọ́ sọnù. Ká fi iye tó rọrùn ṣe àpẹẹrẹ, kí ìṣirò má baà le. Ká ní ẹlẹ́mu kan ra 50 lítà, ká pe lítà kọ̀ọ̀kan ní 100 náírà, àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ 5,000 náírà. Ó ń ta lítà kan ní 150 náírà. Bó bá tà á tán, 7,500 náírà ni yóò wọlé, èrè rẹ̀ jẹ́ 2,500 náírà.

Ṣùgbọ́n bí 15 lítà bá kan mọ́ ọn lọ́wọ́, 35 lítà péré ló tà, 5,250 náírà ló wọlé, 250 náírà ni gbogbo èrè ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ 20 lítà ló kan, 4,500 náírà ló wọlé. Ó ti fi 500 náírà gbèsè nìyẹn, láìtíì ka owó ọkọ̀, owó omi àti wàhálà ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń fi ìdajì owó ọjà jèrè, tí ìdá kan nínú mẹ́ta ọjà rẹ̀ bá bàjẹ́, kò jèrè kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òwò rẹ̀ ti ń jò, ẹmu tó ń dà nù ni kó kọ́kọ́ wọ̀n kó tó sọ pé oníbàárà ò sí.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ẸMU?

Omi tó ń kán sínú agbè lórí ọ̀pẹ kì í ṣe ọtí rárá nígbà tó bá ń jáde. Omi dídùn ni. Nínú ìwọ̀n 100, nǹkan bíi 10 sí 12 ló jẹ́ ṣúgà. Kò tíì pẹ́ tó kán sílẹ̀ tí yíìsì, èyí tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní ìwúkàrà, á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú afẹ́fẹ́, ara igi àti ara agbè ló ti ń wá. Irú rẹ̀ kan náà ni àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń lò, ìdí sì nìyí tí àwọn kan fi máa ń fi ẹmu po ìyẹ̀fun láyé àtijọ́ kó lè wú.

Yíìsì yìí á máa jẹ ṣúgà, á máa sọ ọ́ di ọtí. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló ń di ìhó tí à ń rí. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan, ọtí inú ẹmu lè tó 4 tàbí 5 nínú ìwọ̀n 100, èyí tó sún mọ́ ti bíà inú ìgò. Ibi tí ẹmu ti dára jù lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn, nígbà tí adùn àti ọtí ṣì jọ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe yíìsì nìkan ló wà nínú agbè. Àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn wà níbẹ̀ tí ọtí gan-an jẹ́ oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá ti rí ọtí, tí wọ́n sì rí afẹ́fẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọtí náà di omi kíkan. Nǹkan mẹ́ta ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́: ooru, afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́mu kò kà sí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó kù sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n fi omi tútù ṣàn lásán, ọmọ ogun ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹmu òní bá ti wọlé, kò ní í dúró kí ilẹ̀ ṣú kó tó kan.

Wáìnì yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Ṣúgà inú omi èso àjàrà fi bí ìlọ́po méjì ju ti ẹmu lọ, nítorí náà ọtí inú wáìnì máa ń tó 12 sí 14 nínú ìwọ̀n 100. Omi èso náà sì ti ní kíkan tirẹ̀ láti ara èso. Ọtí tó le àti kíkan yẹn jọ ń dáàbò bò ó. Kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá tí ẹmu lásán yóò fi wà nínú àgbá fún ọdún méjì bíi wáìnì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ẹlẹ́mu jẹ lórí ìyẹn. Ohun tó ṣe é ṣe ni kí iṣẹ́ àwọn kòkòrò náà dúró níbi tí ẹmu ti dára jù.

ILÉ MOUTON ÀTI Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN ẸNI ỌDÚN MÉJÌLÉLÓGÚN

Ní Pauillac, ìlú kékeré kan ní agbègbè Bordeaux, ilé iṣẹ́ wáìnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Château Mouton Rothschild. Ọdún 1853 ni Nathaniel de Rothschild, láti inú ìdílé àwọn olówó tó ni báńkì, ra ilẹ̀ náà. Ní 1855, nígbà tí Napoleon Kẹta tó jẹ́ ọba Faransé fẹ́ ṣe àfihàn ọjà ńlá kan ní Paris, wọ́n ní kí àwọn alágbàtà wáìnì ní Bordeaux to àwọn ilé iṣẹ́ agbègbè náà sí ipò ipò. Iye tí ọjà kálukú ń tà ní wọ́n fi tò ó. Ilé mẹ́rin ló wà ní ipò kìíní: Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion. Ipò kejì ni wọ́n fi Mouton sí, èyí sì dun àwọn onílé náà gan-an.

Ní 1922, Philippe de Rothschild gba àkóso ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ ogún ọdún ni. Ohun tó bá nílẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe wáìnì kì í rọ ọ́ sí ìgò fúnra wọn. Inú àgbá ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn oníṣòwò ńlá ní Bordeaux. Àwọn yẹn ló ń rọ ọ́ sí ìgò, àwọn ló ń lẹ ìwé mọ́ ọn, àwọn ló sì mọ ẹni tó ń rà á. Bí ẹni tó rà á bá pò ó mọ́ òmíràn, orúkọ Mouton ló ń bàjẹ́. Ẹlẹ́mu tó ń ta kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì fún alágbàtà, tí alágbàtà wá ń bu omi àti ṣúgà sí i kó tó dé ẹnu oníbàárà, yóò mọ ohun tí a ń sọ.

Ní 1924, Philippe ní kí gbogbo wáìnì Mouton máa wọ ìgò nínú ọgbà Mouton fúnra rẹ̀, kí orúkọ ilé náà sì wà lára ìgò. Ìpinnu yẹn ná wọn lówó, torí pé ọtí tí wọ́n ti máa ń gbé jáde kíákíá wá di ohun tí wọ́n ní láti tọ́jú sílé. Ní 1926, wọ́n kọ́ ilé ìtọ́jú àgbá kan tó gùn tó 100 mítà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tó bá ra ìgò Mouton mọ ẹni tí yóò dì mú bí ọtí náà kò bá dára.

Ẹ̀kọ́ kejì jáde ní 1930. Èso àjàrà kò ṣe dáadáa lọ́dún náà. Philippe kò gbà kí orúkọ ńlá náà wà lára ọtí tí kò tó ti àtẹ̀yìnwá. Orúkọ mìíràn ni wọ́n fi tà á, Mouton Cadet, ní owó pọ́ọ́kú. Èyí tí wọ́n fi bo àṣírí ọdún burúkú wá di ọjà ńlá lọ́tọ̀ títí dòní. Ẹ̀kẹta, láti 1945 ni wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán kan lọ́dọọdún láti ya àwòrán sára ìwé ìgò wọn. Ìgò lásán wá di ohun tí àwọn èèyàn ń kó jọ.

Ní 1973, Jacques Chirac, tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, fọwọ́ sí ìwé tó gbé Mouton láti ipò kejì bọ́ sí ipò kìíní. Ọdún 118 ló ti kọjá lẹ́yìn 1855. Ọdún 51 ni Philippe fúnra rẹ̀ fi lé e.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já èso náà, wọ́n á sì ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò. Wọ́n á kó o sínú àgbá ńlá, yíìsì á sì sọ ṣúgà rẹ̀ di ọtí bó ṣe ń ṣe nínú agbè ẹmu. Èèpo èso náà ló ń fún un ní àwọ̀ pupa. Lẹ́yìn náà wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá igi oaku tuntun, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ méjì ni wọn kì í fi ṣeré nígbà tó bá wà nínú àgbá. Èkíní, bí ọtí bá fà díẹ̀, wọ́n á rọ òmíràn kún un kí àyè afẹ́fẹ́ má baà wà lókè. Èkejì, wọ́n á máa yọ ọ́ kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ sínú àgbá mìíràn tó mọ́. Afẹ́fẹ́ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, àwọn ọ̀tá kan náà tó ń ba ẹmu jẹ́ ni wọ́n ń bá jà lọ́hùn-ún.

ÌṢÒRO TÓ JỌ TIWA: IṢẸ́ LOUIS PASTEUR

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wáìnì kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ ará Faransé. Ní nǹkan bí 160 ọdún sẹ́yìn, wáìnì wọn ń kan lójú ọ̀nà, àwọn oníbàárà òkè òkun sì ń ráhùn. Ní 1863, Napoleon Kẹta ní kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Louis Pasteur, wá ìdí rẹ̀. Pasteur lọ sí Arbois, ìlú tó ti dàgbà, ó ń wo wáìnì tó dára àti èyí tó bàjẹ́ nínú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó rí i pé àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn ló ń bá a jẹ́, kì í ṣe ayé, kì í ṣe àjẹ́.

Ó wá rí i pé bí èèyàn bá mú wáìnì gbóná dé bí 50 sí 60 dígírì, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ọ́, àwọn kòkòrò náà á kú, ọtí náà kò sì ní í bàjẹ́. Kì í ṣe pé kó hó. Ooru tó mọ níwọ̀n ni. Ní 1865 ó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà náà, ní 1866 ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà títí dòní, pasteurisation. Òun ni wọ́n ń lò fún wàrà inú páálí àti ọ̀pọ̀ bíà inú ìgò.

WỌ́N TI ṢE É NÍLẸ̀ YÌÍ RÍ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn òyìnbó nìkan. FIIRO, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Òṣòdì, nílùú Èkó, ní 1956, ti ṣe iṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lè rọ ẹmu sínú ìgò kó má baà kan. Bákan náà ni NIFOR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá ìlú Benin, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ti rọ ẹmu sínú ìgò tà. Ọ̀nà Pasteur náà ni: ẹmu inú ìgò, nínú omi gbígbóná. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ooru ti ẹmu ga ju ti wáìnì lọ díẹ̀, nítorí pé ọtí inú rẹ̀ kò le tó láti ran ooru lọ́wọ́. Nǹkan bíi 70 sí 75 dígírì ni, fún bí ìdajì wákàtí sí ìṣẹ́jú 45.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ẹmu tó tutù láti oko, tí kò tíì pẹ́, ni wọ́n ń lò, ẹmu tó ti kan kò ṣe é tún ṣe. Wọ́n á sẹ́ ẹ dáadáa kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti èérí lè kúrò. Wọ́n á jẹ́ kí ìhó rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò tí wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ lókè, wọ́n á sì dé e pa. Wọ́n á to ìgò sínú omi, wọ́n á mú omi náà gbóná díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru wò ó. Bí àkókò bá pé, wọ́n á jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, wọn kì í gbé ìgò gbígbóná sínú omi tútù, nítorí pé yóò fọ́.

Ewu wà níbẹ̀ o. Ẹmu tó ṣì ń hó, tí èèyàn bá dé e pa sínú ìgò láìpa yíìsì rẹ̀, ìgò náà lè bú gbàù kó sì fọ́ èèyàn lójú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má dá a dán wò nílé. Kí ó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí ó sì rí àwọn irinṣẹ́ tó yẹ.

Adùn rẹ̀ náà yóò yí díẹ̀. Yíìsì ti kú, ìhó kò ní í pọ̀ mọ́, àwọn tó fẹ́ràn ẹmu ìdí ọ̀pẹ yóò mọ ìyàtọ̀. Ẹmu inú ìgò kò lè gba ọjà lọ́wọ́ ẹmu inú agbè láàárọ̀ ní Ṣàrẹ́. Ọjà rẹ̀ wà níbi tí ẹmu agbè kò lè dé: ní Ìlọrin, níbi ìnáwó tí ọjọ́ rẹ̀ jìn, àti lọ́wọ́ ọmọ Ìgbómìnà tó ń gbé ìlú ńlá.

ADẸ́MU, ẸNI TÍ A Ń GBÀGBÉ

Gbogbo èyí dúró lórí ẹni tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ, tó jáde ní 1952, ikú adẹ́mu tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ ló da gbogbo nǹkan rú fún ọ̀mùtí inú ìtàn náà. Kò rí ẹlòmíràn tó lè dá ẹmu bíi tirẹ̀. Òótọ́ òwò ni. Ẹni tó bá fẹ́ rọ ẹmu sí ìgò, tí adẹ́mu kan ṣoṣo ni gbogbo ọjà rẹ̀ ń tọwọ́ rẹ̀ wá, ọjọ́ tí ara onítọ̀hún kò bá yá ni ilé iṣẹ́ tì. Mouton gbin igi rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kéré tán, kí ẹlẹ́mu ní adẹ́mu mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó máa san owó wọn lásìkò, kó sì máa ra agbè tó mọ́ fún wọn.

ẸMU TÓ TI KAN NÁÀ, ỌJÀ NI

Ìlú kan wà ní Faransé tó ń jẹ́ Orléans, lẹ́bàá odò Loire. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wáìnì gba ibẹ̀ lọ sí Paris. Èyí tó bá ti kan lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni wọ́n ń já a sí. Àwọn ará Orléans kò dà á nù. Wọ́n jẹ́ kó kan tán pátápátá, wọ́n sì ń tà á ní ọtí kíkan tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Orúkọ ìlú náà wá di orúkọ ọtí kíkan tó dára jù.

Ẹmu tí ọtí inú rẹ̀ tó 5 nínú 100, bí wọ́n bá jẹ́ kó kan tán nínú ohun èlò tó mọ́, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, tí wọ́n fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ kí eṣinṣin má wọ̀ ọ́, lè di ọtí kíkan tó ṣe é lò fún sàláàdì àti fún ìtọ́jú oúnjẹ. Agbègbè tó bá kan gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí ẹmu tútù wà, kí kòkòrò rẹ̀ má baà ràn. Ẹni tó ń da 15 lítà nù lójúmọ́, tó bá lè sọ ìdajì rẹ̀ di ọjà, ti gba apá kan nínú èrè rẹ̀ padà.

ORÚKỌ, NAFDAC ÀTI Ẹ̀KỌ́ 2015

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àìsàn kan tí kò yé ẹnikẹ́ni bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Irèlé, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú àwọn èèyàn ń fọ́, wọ́n sì ń kú. Kò pẹ́ tí òmíràn fi ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol, májèlé kan tó jọ ọtí, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ìjọba kéde ní oṣù kẹfà pé àwọn fòfin de ògógóró. Àwọn tó ń pọn tiwọn dáadáa bá àwọn tó ń po májèlé lọ, nítorí pé kò sí orúkọ lára ọtí ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó lè sọ pé, “Tèmi kọ́ nìyí.”

Ìdí nìyí tí orúkọ fi ju ẹwà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ máa ta ẹmu inú ìgò gbọ́dọ̀ fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, kó sì gba nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀. Lára ìgò, orúkọ ọjà, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà ìdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ kí ẹlòmíràn má jí orúkọ rẹ̀ lò lè lọ fi àmì òwò rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọdún méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún èèyàn, lẹ́yìn náà wọ́n á máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá.

Orúkọ ìlú náà jẹ́ dúkìá. Ní Kamẹrúùnù, wọ́n fi orúkọ ata Penja sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 2013, kí ẹni tí kò gbìn ín ní agbègbè náà má lè pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti agbègbè Allada gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní 2021. Èsìẹ́ gan-an jẹ́ ẹ̀rí fún wa. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tó wà níbẹ̀ ló mú kí wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Orúkọ ìlú lè gbé ọjà lọ, bí ọjà náà kò bá dójú ti ìlú.

IBI TÓ YẸ KÍ OWÓ TI BẸ̀RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìṣirò. 50 lítà yóò kún ìgò 60 cl bíi 83. Bí lítà kan bá jẹ́ 100 náírà, ẹmu 60 náírà ló wà nínú ìgò kan. Ṣùgbọ́n ìgò, ìdérí, ìwé ara rẹ̀, igi ìdáná tàbí gáàsì lè ju owó ẹmu inú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní láti máa gba ìgò rẹ̀ padà lọ́wọ́ oníbàárà bí àwọn onímíńírà ṣe ń ṣe, tàbí kí àwọn ẹlẹ́mu bíi mẹ́wàá kó owó jọ ra ìkòkò ńlá kan àti ẹ̀rọ ìdérí kan, kí wọ́n jọ máa lò ó. Àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ti mọ irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti ta ọtí kò níláti ta ẹmu kó tó lo ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tó ń ta sobo tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń ta kunu, oyin tàbí òrí ní Ṣàrẹ́, ọ̀ràn kan náà ni: kí ohun èlò mọ́, kí èèyàn mọ ohun tó ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́, kó dé e pa nílé ara rẹ̀, kó sì fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Kó tó kan ìgò, kó tó kan NAFDAC, iṣẹ́ kan wà tí kò ná èèyàn ju owó ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ. Fún oṣù kan gbáko, kí ẹlẹ́mu kọ iye lítà tó rà lójúmọ́, iye tó tà, àti iye tó kan. Kó tún fi omi gbígbóná fọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kó wò ó bóyá iye tó ń kan dín kù. Philippe de Rothschild fi ọdún 51 dé ipò tó ń lépa. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹlẹ́mu tó bá mọ iye tó ń dà nù lóṣù kan ti mọ iye tó lè fi bẹ̀rẹ̀.